Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ ní Yàgbà ti gbé inú ayé rí

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Olùkọ́ pírámárì ni mí ní Ìsánlú, ní ilẹ̀ Yàgbà, ìpínlẹ̀ Kógì. Lóṣù tó kọjá la gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù lẹ́yìn ilé wa. Nígbà tí wọ́n dé mítà 45, wọ́n ní àpáta líle làwọn ń lù, omi tó yọ kò sì tó nǹkan. Bàbá mi ní kí wọ́n máa gbẹ́ ẹ lọ. Àbúrò bàbá mi ní ká dá a dúró, pé iná ló wà lábẹ́ àpáta, pé tí wọ́n bá lù ú já, Ìsánlú á di òkè oníná bíi ti Kamẹrúùnù. A fi ṣe ẹ̀rín. Àmọ́ nígbà tí mo sọ ìtàn náà ní kíláàsì, ọmọ kan bi mí pé: tí inú ayé bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, kí ló kàn wá lókè níbí? N kò rí èsì fún un. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni inú ilẹ̀ ń ṣe sí ojú ilẹ̀ ní agbègbè wa, níbi tí a kò ti ní òkè oníná, tí ilẹ̀ kì í sì í mì?

Ìdáhùn: Òkun o, àbúrò mi. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àbúrò bàbá rẹ lóhùn, kí wọ́n lè fọkàn balẹ̀ sùn. Iná kankan kò sí ní mítà 45. Kò sí ní 450, kò sí ní 4,500. Òótọ́ ni pé bí a bá ṣe ń wọlẹ̀ lọ ni ooru ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, tí o bá wọlẹ̀ kìlómítà kan gbáko, ooru á fi nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 25 sí 30 lé sí i. Lórí àpáta àtijọ́ bíi tiwa, ó sábà máa ń dín sí bẹ́ẹ̀. Nínú mítà 45 yín, gbogbo ooru tó lé kò ju ìwọ̀n kan ṣoṣo lọ. Omi ibẹ̀ kò lè yọ́ òrí lára ṣíbí.

Àwọn ará Rọ́ṣíà gbẹ́ ihò kan ní Kola, lápá àríwá orílẹ̀-èdè wọn. Ọdún 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì fi máa di 1989 wọ́n ti dé mítà 12,262. Ọmọ aráyé kò tíì gbẹ́ ihò tó jìn sísàlẹ̀ tó o. Ẹnu rẹ̀ kò ju abọ́ tí à ń jẹun nínú rẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kì í ṣe iná, òkúta gbígbóná ni, nǹkan bí ìwọ̀n 180, òkúta náà sì ti ń rọ̀ débi pé ihò ń fẹ́ pa dé mọ́ irin wọn. Bẹ́ẹ̀, láti ojú ilẹ̀ dé àárín ayé jẹ́ kìlómítà 6,371. Gbogbo làálàá tí wọ́n ṣe yẹn, bí ẹni tó fẹ́ rin kìlómítà kan, tó gbé ẹsẹ̀ méjì-mẹ́ta, tó ní ó ti rẹ òun, tó padà sílé.

Ọ̀rọ̀ iná yìí gan-an ló ń ṣi wá lọ́nà. Iná kò lè jó láìsí afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ kò sì sí níbẹ̀. Ooru ló wà nísàlẹ̀. Àwòrán inú ìwé ọmọdé tún wá bà á jẹ́ pátápátá: wọ́n á kun inú ayé ní pupa fòò bí ọbẹ̀ ata, ọmọ á rò pé orí omi gbígbóná la jókòó lé. Bó o bá fẹ́ ya tìrẹ fún kíláàsì, máńgòrò ni kó o mú wọlé.

La máńgòrò náà sí méjì. Èèpo rẹ̀ ni ilẹ̀ àti àpáta tí à ń rí, títí kan ìsàlẹ̀ òkun. Lábẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ, ó sábà máa ń nípọn tó kìlómítà 35 sí 40. Lábẹ́ òkun, bíi 7 péré. Tá a bá fi wé bí ayé ṣe tóbi tó, èèpo máńgòrò gan-an nípọn jù ú lọ. Ara máńgòrò ni ìpele kejì tí wọ́n ń pè ní mantle. Òkúta ni, ó sì lọ títí dé nǹkan bíi kìlómítà 2,900. Kóró ló kù, kóró náà sì tóbi ju ìdajì ọ̀nà lọ, irú máńgòrò tí ọmọdé máa ń bínú sí pé kò lẹ́ran. Irin ló pọ̀ jù nínú kóró ayé, pẹ̀lú nickel díẹ̀. Ìta kóró náà ti yọ́, ó ń ṣàn. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún le gbagidi bí ọmọ-ọlọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ibẹ̀ ju ìwọ̀n 5,000 lọ. Ẹrù ohun gbogbo tó wà lórí rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí kò fi ráyè yọ́.

Ọmọ kíláàsì rẹ á bi ọ́ pé ta ló débẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tó débẹ̀. Ṣó o ti rí ìyá tó fẹ́ ra ìkòkò lọ́jà Kábà rí? Kò ní fọ́ ọ kó tó mọ̀ bóyá ó ti sán. Ìka ló máa fi lù ú, á dẹtí sí i, ohùn tó bá jáde á sọ fún un. Bí ilẹ̀ bá mì tagbára-tagbára níbì kan láyé, ìgbì rẹ̀ á gba inú ayé kọjá, ẹ̀rọ tó wà lódìkejì á gbọ́ ọ. Irú ìgbì kan wà tí kì í gba inú nǹkan tó yọ́ kọjá. Ibi tí ìgbì yẹn ti ń kú ni wọ́n fi mọ̀ pé ìta kóró ti yọ́. Lọ́dún 1936, obìnrin ará Dẹ́ńmáàkì kan, Inge Lehmann, wo àkọsílẹ̀ irú ìgbì bẹ́ẹ̀, ó rí àwọn kan tí kò yẹ kí wọ́n dé ibi tí wọ́n dé, ó sì sọ pé nǹkan líle kan ní láti wà láàárín kóró tó yọ́ yẹn. Ohun tó sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Sọ ìtàn yẹn fáwọn ọmọbìnrin kíláàsì rẹ.

Wàyí o, mantle. Mo ní òkúta ni, mo sì tún fẹ́ sọ pé ó ń rìn. Má bínú, òótọ́ ni méjèèjì. Wo ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì. Bí òwúrọ̀ bá tutù, tó o fi òòlù lù ú, á fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí òkúta. Fi ègé rẹ̀ sílẹ̀ lórí igi kan, padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wàá rí i pé ó ti tẹ́, ó ti ń ṣàn bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Ní yunifásítì kan ní Brisbane ní Ọsirélíà, wọ́n da irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ sínú àrọ lọ́dún 1927 láti wo bó ṣe máa kán. Títí di 2014, ẹ̀kán mẹ́sàn-án péré ló tíì kán. Mantle tún lọ́ra ju ìyẹn lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn: líle ni lójú ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ, rírọ̀ ni lójú ẹni tó ní mílíọ̀nù ọdún láti fi wò ó.

Ooru ló ń lé e rìn. Ooru ọ̀hún, apá kan jẹ́ èyí tó kù sínú ayé látìgbà tó ti di odindi, apá kejì ń wá látinú yúréníọ̀mù, thorium àti potassium tó wà káàkiri inú òkúta, tí wọ́n ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì ń tú ooru sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹrà. Ooru gbọ́dọ̀ jáde. O ti se ẹ̀wà rí: èyí tó wà lórí iná gan-an á rú wá sókè láàárín ìkòkò, á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tún rì. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta mantle tó gbóná ń gòkè, tí èyí tó ti tutù ń rì. Èèpo tó wà lórí, pẹ̀lú apá òkè mantle tó lẹ̀ mọ́ ọn, ti là sí awẹ́-awẹ́ bí obì. Awẹ́ wọ̀nyí ń lọ pẹ̀lú rírú náà. Tiwa, awẹ́ Áfíríkà, ń yí lọ sí àríwá-ìlà-oòrùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ́dún. Bí èékánná rẹ ṣe ń hù náà ni. Ibi tí awẹ́ ti ń forí gbárí, tàbí tí wọ́n ti ń ya kúrò lára wọn, ni ilẹ̀ ti ń mì jù, tí òkè oníná sì pọ̀ sí. Àárín awẹ́ la wà. Ìyẹn ni gbogbo àṣírí ìdákẹ́jẹ́ wa.

(Kamẹrúùnù náà kò sí létí awẹ́, ẹ̀rí ọkàn kò ní jẹ́ kí n fi ìyẹn pamọ́. Ìlà òkè oníná kan ló ti àwọn erékùṣù inú òkun bíi São Tomé wá, tó wọ ilẹ̀ níbẹ̀, òkè ńlá wọn sì tú lọ́dún 1999 àti 2000. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á. Ìlà náà kò gba Yàgbà.)

Ní báyìí, ìbéèrè ọmọ yẹn: kí ló kàn wá lókè níbí? Èsì tí màá fún un nìyí. Kò sí ohun tó ń jẹ́ “òkè” àti “ìsàlẹ̀” tó dúró títí láé. Òkúta tí ẹ kọ́lé lé ní Ìsánlú ti gbé inú ayé rí. Kò sọ̀kalẹ̀ látọ̀run, kò sì hù níbi tó wà yẹn.

Ní nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, awẹ́ ilẹ̀ forí gbárí ní apá ibi tí a wà yìí. Ilẹ̀ ká, ó ṣẹ́ lé ara rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ti láti igun méjèèjì, òkè gíga yọ. Lábẹ́ òkè wọ̀nyẹn, ní ìjìnlẹ̀ bíi kìlómítà 10 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, apá kan òkúta yọ́, ó gòkè díẹ̀, kò rí ibi yọ sí, ó sì tutù síbẹ̀. Òun ni gíránáìtì tó wà ní Ògìdì, tó wà ní Kábà, tó wà káàkiri Ìjùmú àti Yàgbà. Báwo la ṣe mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ló ti tutù? Bi àwọn ìyá tó ń ṣe òrí. Bí òrí bá tutù kíákíá, á dán, á jọ̀lọ̀. Bí ó bá tutù díẹ̀díẹ̀, horo-horo ló máa dì. Lọ sí ẹ̀gbẹ́ àpáta tó bá sún mọ́ ẹ jù, gbé ojú sún mọ́ ọn. Horo pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí funfun tó tó èékánná ọmọdé, horo kan tó ń dán bí dígí, ẹ̀wẹ̀ dúdú wẹ́wẹ́ tó ń kọ mọ̀nà. Òkúta tó bá dì lójú ilẹ̀, ìyẹn èyí tó tutù kíákíá bíi tòkè oníná, horo rẹ̀ kì í tó ojú rí. Horo tìrẹ tóbi nítorí pé ilẹ̀ tó nípọn ló bò ó bí aṣọ òtútù, ó sì gbà á ní ọjọ́ pípẹ́ kó tó tutù.

Ó dáa, báwo ló ṣe wá gòkè? Lọ dúró létí omi ní Lọ́kọ́ja kó o wo ọkọ̀ ojú omi tó kún fún iṣu. Ètí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. Wọ́n sọ iṣu 50 kalẹ̀, ọkọ̀ sọ sókè díẹ̀. Wọ́n sọ 50 mìíràn, ó tún sọ sókè. Kò sẹ́ni tó gbé ọkọ̀. Ẹrù ló fúyẹ́. Èèpo ayé náà léfòó lórí mantle tó ń rọ̀ lọ́ra yẹn. Òjò ń rọ̀ sórí òkè, òkúta ń jẹrà di yanrìn, odò ń gbé yanrìn lọ. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rí i tí odò Òyì pọ́n lẹ́yìn òjò ńlá, ẹrù ló ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn, ó ń gbé ilẹ̀ Yàgbà lọ sínú Odò Ọya. Ilẹ̀ fúyẹ́, ìsàlẹ̀ sọ sókè. Òjò tún gbé e lọ, ó tún sọ sókè. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún, ohun tó wà ní ìjìnlẹ̀ kìlómítà 10 á di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn lé.

Àwọn òkè roboto tó dá dúró, bíi Oroke tó wà ní Kábà, ẹ̀rí rẹ̀ wà lára wọn. Wò ó dáadáa, wàá rí i pé àpáta náà ń bó ní ìpele-ìpele, bí àlùbọ́sà. Nígbà tí ẹrù kúrò lórí rẹ̀, ó mí, ó wú díẹ̀, ó sì sán ní ìrísí ara rẹ̀. Bí oòrùn bá pa á lọ́sàn-án tí òtútù sì mú un lóru, ìpele òkè á máa yọ. Mo ti jókòó sábẹ́ irú ìpele bẹ́ẹ̀ rí nígbà òjò, ó nípọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, ó yọ jáde bí òrùlé. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó ti wó sílẹ̀. Mo dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ sísán yìí ló gbé wa padà sídìí bọ́ọ̀hóòlù yín, bàbá rẹ náà kò sì jàre tán. Lórí irú ilẹ̀ wa, inú àpáta líle tí kò sán kò ní omi. Omi wà níbi méjì péré: nínú ilẹ̀ jíjẹrà tó bo àpáta lórí, àti nínú sísán tó wà lára àpáta. Sísán wọ̀nyẹn sì ń dín kù bó o ṣe ń lọ sísàlẹ̀, torí pé ẹrù orí wọn ń pa wọ́n dé. Nítorí náà, “ẹ máa gbẹ́ ẹ lọ” lè di owó tí a jù sínú ihò. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo sọ fún ìdílé kan ní ìlú kan ní Ìjùmú pé kí wọ́n máa gbẹ́ ẹ lọ. A dé mítà 110. Ìyẹ̀fun eérú-eérú ló ń fẹ́ jáde láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àyíká di funfun. Ìyá ilé náà kò bá mi jà. Ó kó ìyẹ̀fun yẹn sínú garawa, ó ní ó kéré tán, òun á rí nǹkan fi fọ ìdí ìkòkò. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn gbẹ́ tirẹ̀ ní ọgbọ̀n ẹsẹ̀ sí ibẹ̀, níbi tí àwọn igi ti tò lórí ìlà kan, omi sì yọ ní mítà 38. Ìlà igi yẹn, sísán ni ó ń tẹ̀ lé. Ojú mi wà níbẹ̀, n kò wò ó.

Bí ẹ bá ṣì lówó lọ́wọ́, ẹ má fi kún ìjìnlẹ̀ ihò yẹn. Ẹ pe ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ilẹ̀ wò, kó wá ibi tí ilẹ̀ jíjẹrà ti nípọn tàbí tí àpáta ti sán, kí ẹ tó gbẹ́ òmíràn.

Sísán yìí náà ló jẹ́ kí ìlú yín ní wúrà. Nígbà tí gíránáìtì ń tutù nísàlẹ̀, omi gbígbóná gidi tó kún fún oríṣiríṣi nǹkan yíyọ́ gba àárín sísán kọjá, ó tutù, ó sì fi ohun tó gbé sílẹ̀ síbẹ̀: quartz, òkúta funfun yẹn tó máa ń wà ní ìlà-ìlà lára àpáta, àti wúrà díẹ̀ nínú rẹ̀. Òjò ló wá fọ́ ọ, tó gbá wúrà lọ sínú odò, ibẹ̀ ni àwọn ọmọkùnrin ti ń fi igbá yọ ọ́ lápá Ìsánlú àti Okolom. Ní ìhà Ẹ̀gbẹ̀, omi ìkẹyìn tó ṣẹ́ kù lára gíránáìtì tó ń dì ló fún wa ní òkúta oníhoro ńláńlá: máíkà tó ń ṣí ní ewé-ewé bí ìwé, àti tántàláìtì dúdú tó wúwo bí òjé. Tantalum tí wọ́n ń yọ lára irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà nínú fóònù tó o fi kọ ìbéèrè rẹ.

Mábù Jakura ńkọ́, àti ti Obajana tí wọ́n ń lọ̀ di sìmẹ́ǹtì? Ẹrọ̀fọ̀ ẹfun ìsàlẹ̀ òkun ni nígbà ìṣẹ̀ǹbáyé. Òkun ti wà níbí, àbúrò mi. Nígbà tí awẹ́ forí gbárí, ẹrọ̀fọ̀ náà wọlẹ̀ lọ, ooru sè é, ẹrù tẹ̀ ẹ́, ó di mábù, lẹ́yìn náà ló bá àwọn yòókù gòkè wá. Ẹni tó bá fi búlọ́ọ̀kù mọ ilé ní Lọ́kọ́ja, ìsàlẹ̀ òkun ló fi lẹ yanrìn pọ̀.

Lọ́kọ́ja fúnra rẹ̀, ìtàn mìíràn ni, ó sì kéré lọ́jọ́ orí ju tiwa lọ. Bó o bá ti Kábà lọ, wàá rí i pé òkè ń yí ìrísí padà lọ́nà. Lẹ́yìn rẹ, orí òkè rí roboto. Níwájú, Òkè Patti àti ilẹ̀ gíga Agbaja tẹ́jú lórí bí tábìlì. Ohun tó fà á nìyí: ní nǹkan bíi 120 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà, tó jẹ́ odindi kan tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ibi tí ilẹ̀ ti fà gùn, ó sán, ó sì rì. Apá tó rì di àfonífojì gígùn, èyí tí Odò Bẹ́núé ń gbà wálẹ̀ lónìí, àti èyí tó gba Bídà wá sí Lọ́kọ́ja, tí Odò Ọya ń tẹ̀ lé. Yanrìn àti amọ̀ kún inú wọn ní ìpele-ìpele, wọ́n sì tẹ́jú bí ẹní tí a tò lé ara wọn. Ìpele oní-irin kan ló wà lórí Agbaja, ó le, kò jẹ́ kí òjò tètè gé e wálẹ̀, ìdí nìyẹn tí orí òkè fi tẹ́.

Wàá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé odò méjèèjì “yàn” láti pàdé ní Lọ́kọ́ja. Omi kì í yàn. Ojú ọgbẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Nígbà tí omi bo Lọ́kọ́ja lọ́dún 2012 àti 2022, òjò àti omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti dáàmù ló fà á, kì í ṣe inú ayé. Ṣùgbọ́n ibi tí omi ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń gbà kọjá, inú ayé ló ti là á sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé síbẹ̀.

Kóró ayé jìn sí wa jù gbogbo èyí lọ, ó sì rọrùn láti gbàgbé rẹ̀. Irin tó yọ́ ní ìta rẹ̀ ń rú, rírú yẹn ló ń ṣe òòfà ayé, òòfà yẹn sì ń yí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí oòrùn ń fọ́n jáde sí wa padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, wọ́n kó wa lọ sí òkè Itakpe, lẹ́bàá Òkéné. Mo tẹ́ kọ́ńpáàsì lé àtẹ́lẹwọ́, mo fẹ́ mọ ibi tí àríwá wà. Abẹ́rẹ́ náà yí síbí, ó yí sọ́hùn-ún. Mo gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó tún tọ́ka síbòmíràn. Mo rò pé ó ti bàjẹ́, mo fi í nù mọ́ ṣòkòtò. Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín títí. Irin tó wà nínú àpáta lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ló ń fà á. Láti kìlómítà 2,900 ni kóró ayé ti ń pe abẹ́rẹ́ yẹn lójoojúmọ́, Itakpe kàn wà nítòsí, ó ń pariwo jù ú lọ ni.

Ó kù díẹ̀ nípa ilẹ̀ mímì, torí o ní “kì í mì.” Kì í mì púpọ̀ ni ká sọ. Ìjẹ̀bú-Òde mì lọ́dún 1984, Kwoi ní Kàdúná mì lọ́dún 2016, Mpape l'Ábújá náà mì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Kò tóbi, ilẹ̀ kò là. Awẹ́ tó ń rìn máa ń tì wá láti ètí rẹ̀, ojú ọgbẹ́ àtijọ́ tó wà lára àpáta a sì máa yẹ̀ díẹ̀ nígbà mìíràn. Ìyẹn yàtọ̀ sí dùgbẹ̀ tí ẹ máa ń gbọ́ níbi tí wọ́n ti ń fi àdó fọ́ òkúta. Tí ògiri yín bá ń sán nítorí ìyẹn, ẹ má fi sùn inú ayé. Ẹni tó ń fọ́ òkúta ni kí ẹ lọ bá.

Bí ọmọ rẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan ooru inú ilẹ̀ gan-an, ẹ kó wọn lọ sí Ìkògòsì ní Èkìtì, kò jìnnà sí wa. Òjò wọ inú sísán lọ sísàlẹ̀, ó gbóná níbẹ̀, ó sì tún wá ọ̀nà jáde, ìwọ̀n bíi 38, bí omi tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ. Òkè oníná kankan kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Kí owó mọ́tò tó pé, ẹ̀yìn ilé yín ti tó fún ìjókòó kan. Òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ kó jáde látinú bọ́ọ̀hóòlù, ẹ má tíì kó o dànù. Bù ú sínú garawa, fi omi ṣàn án, tẹ́ ẹ sórí tírè, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣa mẹ́wàá. Èyí tó ń dán bí dígí tó sì le tó fi lè ha ìgò, quartz ni. Èyí tó ń ṣí ní ewé-ewé, máíkà ni. Bí ẹnikẹ́ni bá rí horo pupa rúsúrúsú kan, tó tó ọkà bàbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ní ojú púpọ̀ bí ẹni pé wọ́n gé e, fọ́tò ẹ̀ ni kó o fi ránṣẹ́ sí mi. Garnet ni wọ́n ń pè é. Nínú irú òkúta tiwa, ooru àti ẹrù ilẹ̀ tó wà ní ọ̀pọ̀ kìlómítà nísàlẹ̀ ló máa ń bí i, nítorí náà ọmọ tó bá dì í mú ti fọwọ́ kan ibi tí ihò àwọn ará Rọ́ṣíà ń wá lọ.